Dátà wo ló yẹ kí ẹ kó níbi ìdíje róbọ́ọ̀tì? Ìtọ́sọ́nà fún àwọn ikọ̀ FRC

Kí ẹ tó ya fọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ ìpinnu tí dátà yìí máa bá yín ṣe sílẹ̀. Níbi ìdíje FIRST Robotics Competition, tí gbogbo wa ń pè ní FRC, ìpinnu mẹ́ta péré ni scouting (wíwo róbọ́ọ̀tì àwọn ikọ̀ mìíràn, ká sì kọ ohun tá a rí sílẹ̀) wà fún. Èkíní, báwo la ṣe máa ṣe eré tó kàn, pẹ̀lú àwọn tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà àti àwọn tó dojú kọ wá? Èkejì, ta la máa yàn nígbà tí yíyan ẹgbẹ́ bá dé? Ẹ̀kẹta, tá a bá ti wọ ìpele àṣekágbá, ta la máa dènà, ta ló sì máa dènà fún wa? Ìbéèrè yòówù tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè yí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí padà, ẹ yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kó dùn ún mọ̀ tó.

Iṣẹ́ tí ìbéèrè kan ń dá sílẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ká ní ikọ̀ 40 ló wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe eré 12. Róbọ́ọ̀tì mẹ́fà ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà eré 80 ni, àkọsílẹ̀ 480 sì ni ẹ máa kó. Fọ́ọ̀mù tó ní ìbéèrè 20 máa mú ìdáhùn 9,600 wá. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 45, ó di 21,600, àwọn ọmọ tó jókòó láti àárọ̀ ló sì máa kọ ọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n á ti máa méfò, ìdáhùn tí wọ́n méfò yìí á sì dà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ojú rí, débi pé ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́.

Ibi tí scouting ti ń lérè jù

Ní 2025, eré kan jẹ́ ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 àkọ́kọ́ ni auto, tí róbọ́ọ̀tì ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyókù jẹ́ ti àwọn awakọ̀. Ikọ̀ mẹ́ta wà nínú ẹgbẹ́ pupa, mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ búlúù, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín wọn ní ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí ìpele yẹn bá parí, àwọn tó wà lókè tábìlì di balógun ẹgbẹ́ mẹ́jọ, balógun kọ̀ọ̀kan á sì yan ikọ̀ méjì mọ́ ara rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, wọ́n ń yàn láti ẹgbẹ́ 1 lọ dé 8. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ń yí i padà láti 8 wá sí 1. Èyí ni pé balógun ẹgbẹ́ 1 máa mú ẹni àkọ́kọ́, á wá dúró títí wọ́n á fi mú ẹni mẹ́rìnlá mìíràn, kó tó tún kàn án láti mú ẹnìkẹrìndínlógún. Balógun ẹgbẹ́ 8 ní tirẹ̀ máa mú méjì léraléra.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ètò yìí ń sọ. Róbọ́ọ̀tì mẹ́fà tó dára jù níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ wọ́n. Ìyá ọmọ tó kàn wá wòran náà á tọ́ka sí wọn. Kò sí ẹni tó nílò dátà láti mọ̀ wọ́n. Àwọn tó ń bọ̀ ní àárín ni wàhálà, àwọn tó wà ní ipò 18 sí 30 lórí tábìlì. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí róbọ́ọ̀tì wọn dára, àmọ́ tí kọ̀ǹpútà fi wọ́n sínú ẹgbẹ́ tí kò lágbára léraléra. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹlòmíràn gbé dé ibi tí wọ́n wà. Dátà tó yẹ kí ẹ wá ni èyí tó lè fi ìyàtọ̀ sáàárín méjì yìí. Tí ìbéèrè kan bá jẹ́ pé gbogbo róbọ́ọ̀tì àárín ló máa gba ìdáhùn kan náà sí i, kò wúlò fún yín.

Ohun tí ẹ lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ má ṣe rán ọmọ lọ ka ohun tí kọ̀ǹpútà pápá ti kà tẹ́lẹ̀. Ìkànnì The Blue Alliance ń gbé èsì gbogbo eré jáde, pẹ̀lú àlàyé bí póìntì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́. Wọ́n tún ń ṣírò OPR níbẹ̀: iye póìntì tí ikọ̀ kan dà bí ẹni pé ó ń fi kún ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yọ jáde láti inú àròpọ̀ gbogbo eré. Ìkànnì mìíràn, Statbotics, ní EPA, tó ń ṣiṣẹ́ tó jọ ìyẹn, tó sì ń yí padà lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan.

Àwọn nọ́mbà wọ̀nyí dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí agbára wọn mọ. OPR gbà pé póìntì ẹgbẹ́ kan ni póìntì ẹni mẹ́ta tí a ro pọ̀, láìsí pé ẹnì kan ń ran ẹnì kejì lọ́wọ́ tàbí ń dí i lọ́nà. Róbọ́ọ̀tì tó fi gbogbo eré dènà, tó sì jẹ́ kí alátakò pàdánù 25, kò ní gba ohunkóhun nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan kò tíì ṣe ju eré mẹ́ta lọ, ó máa ń fò sókè fò sódò, ẹ má gbára lé e rárá.

Èsì FRC máa ń fi bí róbọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe parí eré hàn, bóyá ó so rọ̀ tàbí ó kàn dúró síbẹ̀. Ohun tí kò ní sọ ni ẹni tó gbé nǹkan wo síbi wo nínú mẹ́ta náà, ẹni tó gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe, àti ẹni tó kú sójú pápá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ọmọ yín wà.

Àpẹẹrẹ: Reefscape, 2025

Eré FRC ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà fọ́ọ̀mù èṣí kò ṣeé lò lọ́dún yìí. Ọ̀nà tí a gbà ń ronú ni kì í yí padà. Ẹ mú ìwé òfin, ẹ kọ iye póìntì ohun gbogbo sórí ìwé kan, kí ẹ tó ronú kan fọ́ọ̀mù.

Nínú Reefscape, róbọ́ọ̀tì ń gbé páìpù PVC tí wọ́n ń pè ní coral sí ìpele mẹ́rin (L1 nísàlẹ̀, L4 lókè) lára ohun tí wọ́n ń pè ní reef, tó ní ẹ̀ka lára. Lákòókò awakọ̀, L1 jẹ́ póìntì 2, L2 jẹ́ 3, L3 jẹ́ 4, L4 jẹ́ 5. Nínú auto, wọ́n jẹ́ 3, 4, 6 àti 7. Bọ́ọ̀lù ńlá tó ń jẹ́ algae jẹ́ 6 nínú processor (ihò kan létí pápá), 4 nínú net (àwọ̀n tó wà lókè). Nígbà tí eré bá fẹ́ parí, dídúró sábẹ́ barge (férémù ńlá tó wà láàárín pápá) jẹ́ 2, síso rọ̀ mọ́ cage shallow (àgò tó rọ̀ sísàlẹ̀ láti ara barge, tó jìnnà sílẹ̀) jẹ́ 6, cage deep (èyí tó sún mọ́ ilẹ̀) jẹ́ 12.

Nígbà tí ẹ bá to nọ́mbà báyìí, fọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní “coral mélòó?” kò tó, torí pé coral mẹ́fà ní L1 jẹ́ 12, mẹ́fà ní L4 sì jẹ́ 30. Ẹ ya ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Ìdí mìíràn tún wà: ẹ̀ka 12 péré ló wà ní L4, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní L2 àti L3. Tí ẹ bá kó róbọ́ọ̀tì méjì tí kò mọ̀ ju L4 lọ pọ̀, tí àwọn méjèèjì sì yára, ibẹ̀ á kún, ọ̀kan nínú wọn á wá di aláìníṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí L3 kí ẹ tó yàn án.

Cage deep, tó jẹ́ 12, ju coral L4 méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ “ó so rọ̀” nìkan. Ẹ kọ pé ó gbìyànjú, kí ẹ sì kọ pé ó ṣeé ṣe, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó so rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbìyànjú yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó so rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ìgbìyànjú mẹ́wàá. Ẹni kejì ti fi àkókò ìgbẹ̀yìn eré márùn-ún ṣòfò, àkókò tó lè fi gbé coral.

Processor ni èyí tó máa ń tan ènìyàn jù. Póìntì 6 dára lójú, àmọ́ bọ́ọ̀lù tí ẹ bá fi síbẹ̀ ọwọ́ ọmọ alátakò tó dúró lẹ́bàá pápá ló ń bọ́ sí, ó sì lè jù ú sínú net gba 4. Nítorí náà ẹ ya processor àti net sọ́tọ̀, ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ sí “algae”. Ẹ tún ka algae tí róbọ́ọ̀tì kàn yọ kúrò lára reef, bí kò tilẹ̀ fi gba póìntì, nítorí ó ń dí ẹ̀ka tí ẹlòmíràn fẹ́ lò. Iṣẹ́ yìí ni róbọ́ọ̀tì kẹta nínú ẹgbẹ́ lè fi wúlò, kò sì sí nọ́mbà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa fi hàn yín.

Fọ́ọ̀mù tó tó fún irú eré yìí nìyí:

Nọ́mbà eré, nọ́mbà ikọ̀, àyè rẹ̀ (Pupa 1 sí Búlúù 3).
Ṣé ó wá sórí pápá? Bẹ́ẹ̀ ni / Rárá.
Auto: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ (òsì, àárín, ọ̀tún), coral L1, L2, L3, L4, coral tó jábọ́.
Awakọ̀: coral L1, L2, L3, L4, coral tó jábọ́, processor, net, algae tó yọ kúrò.
Ìparí: èwo ló gbìyànjú? Ṣé ó ṣeé ṣe?
Ìdènà: kò ṣe é / kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 30 / ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ṣé ó kú tàbí ó ṣubú? Rárá / fún ìgbà díẹ̀ / títí eré fi parí.
Ọ̀rọ̀ kan, bí ohun àrà bá ṣẹlẹ̀ nìkan.

Bí ẹ ṣe máa bi ìbéèrè

Ohun tó ṣeé kà, ẹ kà á. Ìbéèrè bíi “fún awakọ̀ yìí ní máàkì láti 1 sí 5” kì í mú dátà tó ṣeé lò wá, nítorí 3 ọmọ kan ni 5 ọmọ kejì, wọ́n sì máa ń fi 4 dá gbogbo ènìyàn lọ́lá. Ìdí nìyẹn tí ìdènà fi ní ìṣẹ́jú-àáyá nínú lókè yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà, ẹ fi ènìyàn méjì tó dàgbà díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà síbẹ̀, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún búlúù. Kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Kí wọ́n kàn to róbọ́ọ̀tì mẹ́ta náà ní 1, 2, 3: ta ló wakọ̀ dáadáa jù, ta ló tẹ̀ lé e. Ó rọrùn fún ojú láti fi ohun méjì wéra ju kó fún ohun kan ní iye lọ.

Òdo àti àìsí, ohun méjì ni. Róbọ́ọ̀tì tí kò gbé coral kankan nítorí pé bátìrì rẹ̀ já, èyí tí balógun ní kó máa dènà, àti èyí tó gbìyànjú tí kò mọ̀ ọ́n ṣe: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ní 0. Láìsí ìbéèrè ìdènà àti ìbéèrè “ṣé ó kú”, ìpíndọ́gba wọn á rí bákan náà, ẹ ó sì fò ẹni tó yẹ kí ẹ yàn. Ẹ ṣe ìpíndọ́gba méjì fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún gbogbo eré, ọ̀kan fún eré tí róbọ́ọ̀tì fi ń ṣiṣẹ́. Tí àlàfo àárín méjèèjì bá fẹ̀, ẹ lọ sí pit wọn (àyè tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń tún róbọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe) lọ béèrè ohun tó ń jẹ́ kó máa kú. Wáyà tó tú ṣeé tún ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àpótí jíà tó fọ́, tí wọn kò sì ní òmíràn, kò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ikọ̀ tuntun máa ń fẹ́ràn, tí ẹ lè fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá tí róbọ́ọ̀tì fi lọ tó fi bọ̀ jẹ́ ọ̀kan: ọmọ tó ń wo aago kò lè máa wo róbọ́ọ̀tì, iye coral nínú eré kan sì ti sọ ohun kan náà fún yín. Ìjìyà òfin jẹ́ ìkejì: láti orí àga òkè, ó ṣòro láti mọ ẹni tí adájọ́ fìyà jẹ nínú mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjì tó ń to ipò kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá rí ikọ̀ kan tó ń ṣẹ òfin kan náà léraléra. Ìwọ̀n àti àwọ̀ róbọ́ọ̀tì, ẹ gbàgbé wọn.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó lọ

Ẹ wá fídíò eré ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi ọmọ méjì sídìí róbọ́ọ̀tì kan náà, kí wọ́n má wo ìwé ara wọn, kí wọ́n ṣe eré mẹ́fà. Ibi tí iye coral wọn bá ti fi ju ẹyọ kan lọ yàtọ̀ síra, ẹ̀bi fọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe ti ọmọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́tìnnì L3 àti L4 ló sún mọ́ra jù, tàbí ọmọ náà gbé ojú kúrò lórí pápá kó tó lè rí ibi tó máa tẹ̀. Ẹ to bọ́tìnnì bí reef ṣe tò, L4 lókè, L1 nísàlẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ ibẹ̀ láìwò. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ máa tẹ ọ̀rọ̀ nígbà tí eré ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ọmọ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjì tó ń to ipò yàtọ̀. Tí ẹ bá ní 12, kí wọ́n máa pààrọ̀ lẹ́yìn eré mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá wo eré 30 láìdìde, ẹ má gba ìwé rẹ̀ gbọ́. Ikọ̀ kékeré tí kò ní ju ọmọ mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lọ, ẹ lọ bá ikọ̀ mìíràn, ẹ pín in: ẹ̀yin wo pupa, kí wọ́n wo búlúù, fọ́ọ̀mù kan náà ni kí ẹ lò. Nínú FTC (FIRST Tech Challenge, ìdíje FIRST mìíràn tí róbọ́ọ̀tì rẹ̀ kéré sí ti FRC), róbọ́ọ̀tì mẹ́rin ló wà lórí pápá, nítorí náà olùwòye mẹ́rin ti tó.

Pit

Ọjọ́ ìdánrawò ni kí ẹ lọ káàkiri pit. Ẹ wọ gíláàsì ààbò, torí wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé láìsí i. Ẹ kí wọn, ẹ sọ nọ́mbà ikọ̀ yín, ẹ béèrè bóyá àyè wà fún ìbéèrè márùn-ún. Bí wọ́n bá dojú róbọ́ọ̀tì dé tí ènìyàn mẹ́ta ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ padà wá nígbà mìíràn.

Ẹ béèrè irú táyà rẹ̀, swerve (táyà kọ̀ọ̀kan lè yí sí ibi tó bá fẹ́) tàbí tank (táyà kì í yí, ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún ló ń darí rẹ̀). Ibi tí auto wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ àti iye coral tó ń gbé. Cage tí wọ́n lè so mọ́. Bóyá wọ́n lè ṣa coral nílẹ̀. Àti iṣẹ́ tí wọ́n máa fẹ́ ṣe bí wọ́n bá di ẹni kẹta nínú ẹgbẹ́. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kí nọ́mbà ara rẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé, fọ́tò yẹn ló máa rán gbogbo ènìyàn létí róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń sọ. Ìbéèrè auto ṣe pàtàkì gan-an: bí auto yín àti tiwọn bá ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ìkọlù ni.

Ohun tí ikọ̀ sọ ní pit, ìlérí ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí àyè tirẹ̀, kó má ṣe wọ inú nọ́mbà tí ẹ fojú rí. Tí wọ́n bá ní àwọn ń so mọ́ cage deep, tí eré mẹ́fà sì ti kọjá tí ẹ kò tíì rí ìgbìyànjú kan, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ.

Bí dátà ṣe máa dé orí kọ̀ǹpútà kan

Òfin FRC kò gba ikọ̀ láyè láti dá Wi-Fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbi ìdíje, nítorí ó lè da ìbánisọ̀rọ̀ àwọn róbọ́ọ̀tì rú. Hotspot fóònù náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé tablet á fi QR code hàn lẹ́yìn eré, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà kan á kà á. Okùn USB náà dára. Bí ẹ bá jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ àròkọ sí àyè “ọ̀rọ̀”, QR code á dí, kámẹ́rà ò sì ní lè kà á. Ẹ dá a dúró sí lẹ́tà 60. Ẹ ti fi ètò eré sínú tablet kí nọ́mbà ikọ̀ máa jáde fúnra rẹ̀, nítorí nọ́mbà tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ló ń ṣàṣìṣe jù: 1678 àti 1687 rí bákan náà fún ọmọ tó ti rẹ̀. Ẹ gbé power bank dání, kí ẹ sì tẹ fọ́ọ̀mù sórí bébà, ó kéré tán tó máa tó eré mẹ́wàá.

Ẹ yẹ dátà wò ní gbogbo eré márùn-ún márùn-ún, ẹ má dúró di alẹ́. Ẹ ro coral L4 tí àwọn mẹ́ta tó wo pupa kọ pọ̀, kí ẹ fi wé iye tí èsì The Blue Alliance kọ fún pupa. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan kò burú, torí coral míì máa ń bọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti kà á. Tó bá tó mẹ́ta, ẹ wo fídíò, kí ẹ sì rọra bá ọmọ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé róbọ́ọ̀tì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń wò.

Àkọsílẹ̀ àṣàyàn

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yíyan ni ìpàdé, pẹ̀lú awakọ̀ yín níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ méjì ni kí ẹ ṣe, torí ẹni tí ẹ fẹ́ yàn ní àkọ́kọ́ àti ẹni tí ẹ fẹ́ yàn ní ìkejì kì í ṣe irú kan náà. Fún ti àkọ́kọ́, ẹ to wọn ní ìpíndọ́gba póìntì, kí ẹ wá wo eré mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lọ́tọ̀, nítorí ikọ̀ máa ń tún róbọ́ọ̀tì wọn ṣe láàárín ìdíje. Fún ti ìkejì, ẹ béèrè ohun tí ẹ̀yin àti ẹni àkọ́kọ́ kò ní: ìdènà, yíyọ algae, auto tó ń bẹ̀rẹ̀ láti apá tí ẹ kò lò. Ẹni tí kì í kú sójú pápá ni kó ṣáájú níbẹ̀, kódà bí póìntì rẹ̀ bá kéré. Kí orúkọ tó wà lórí àkọsílẹ̀ yín má dín sí 24, bí ẹ tilẹ̀ rò pé ẹ máa wà ní ipò kìíní.

Àárọ̀ ọjọ́ yíyan, ẹ ṣì máa wo eré tó kù, pàápàá ti àwọn tó wà ní ipò 12 sí 24 lórí àkọsílẹ̀ yín. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kú lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn, ẹ sún un sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí bébà fún ọmọ tó máa dúró lórí pápá, pẹ̀lú bírò. Kó máa fa ìlà kọjá lórí orúkọ gbogbo ikọ̀ tí wọ́n bá ti mú. Ikọ̀ tó bá sì kọ ìpè balógun kan, kó fa ìlà kọjá lórí ti ìyẹn náà, nítorí balógun mìíràn kò tún lè pè é mọ́.